Owó tí mò ń fi ránṣẹ́ kò dé ọwọ́ ìyá mi

"Ẹ̀gbọ́n mi, ọdún kẹrin rèé tí mo ti ń tọ́jú àwọn arúgbó ní Manchester. £250 ni mò ń fi ránṣẹ́ sí àbúrò mi ọkùnrin ní Òṣogbo lóṣooṣù, fún oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ìyá wa àti owó ilé-ìwé àwọn ọmọ olóògbé ẹ̀gbọ́n wa. Mo délé fún Kérésì, oògùn ti tán lọ́wọ́ màmá láti bí oṣù méjì. Àbúrò mi ti kógbá iṣẹ́ télọ̀ wọlé, ó ń gun ọ̀kadà tuntun kiri. Ṣé kí n dá owó náà dúró?"

Àbúrò mi, má dá a dúró. Inú ń bí ọ, ó sì yẹ kó bí ọ: ò ń yí ìyá onìyá padà lórí bẹ́ẹ̀dì lóru, tìrẹ ò rí oògùn lò. Ṣùgbọ́n bí owó bá dúró, ìyá yín ni ìyà máa kọ́kọ́ jẹ.

Láti oṣù kẹfà 2023 tí ìjọba ti tú náírà sílẹ̀ kí ọjà máa dá iye rẹ̀, £250 kan náà ti ń di náírà rẹpẹtẹ. Àbúrò rẹ rí i tó ń wú, ó rò pé o ti là. Kò ka ti oògùn tó ń gbówó lórí mọ́ ọn. Èmi náà ti jẹ owó òkè òkun rí, mo mọ bó ti rọrùn tó láti gbàgbé pé oorun ẹnì kan là ń ná.

Owó tí ò lórúkọ, ẹni tó bá bọ́ sí lọ́wọ́ ni yóò sọ ọ́ lórúkọ. San ti ilé-ìwé sí àkáǹtì ilé-ìwé. Wá kẹ́mísìtì kan ládùúgbò tí yóò máa kó oògùn fún ìyá yín, kí o máa san án fún un tààrà. Owó oúnjẹ, àkáǹtì màmá fúnra wọn ni kó máa wọ̀.

Má sì fi ìkọ̀ọ̀kan wọn ránṣẹ́ ní díẹ̀díẹ̀, torí gbogbo ìgbà tí o bá fi owó ránṣẹ́ ni wọ́n ń yọ nínú rẹ̀. Báńkì Àgbáyé ti ṣírò rẹ̀ pé, ká pín in dọ́gba kárí ayé, ẹni tó fi $200 ránṣẹ́ sílé ń pàdánù ju $12 lọ. Àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń pariwo pé ọ̀fẹ́ ni àwọn ń báni fi owó ránṣẹ́, inú iye tí wọ́n ń ṣẹ́ poun sí ni wọ́n ti ń mú tiwọn.

Ti àbúrò rẹ ló le. Mi ò ní pè é lólè. Ìwọ náà ò sọ iye tó ń ṣẹ́kù sí ọ lọ́wọ́ fún un rí. Sọ ọ́. Lẹ́yìn náà, bó bá fẹ́ padà sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, san owó ṣọ́ọ̀bù ọdún kan fún onílé, má fi lé e lọ́wọ́.

Ṣùgbọ́n kí ti oṣù yìí tó kúrò lọ́wọ́ rẹ, pe màmá fúnra wọn, kí o bi wọ́n ní orúkọ oògùn náà.