Ọgbà Ẹ̀yìnkùlé: Ewédú Tó Tanná Kó Tó Dé Orúnkún

Ọyẹ́ ṣì ń fẹ́ bí mo ṣe ń kọ èyí. Omi kànga wa ní Ìbàdàn ti fà débi pé a ní láti so okùn mìíràn mọ́ ti gùgá kó tó kan omi, àmọ́ ẹ̀fọ́ kò tíì tán lẹ́yìnkùlé. Lẹ́tà mẹ́rin ni mo mú nínú àwọn tí ẹ kọ ránṣẹ́. Ti àkọ́kọ́ ni n ó pẹ́ lórí rẹ̀ jù, torí irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí mi rí, ó sì ká mi lára.

*Ìyá Ọlọ́gbà, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo gbin ewédú sẹ́yìn ilé lọ́sẹ̀ kejì oṣù kejìlá. Àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ni mò ń bomi rin ín. Kò hù dáadáa, ọ̀kan níhìn-ín, ọ̀kan lọ́hùn-ún. Àwọn tó sì hù, wọn ò tíì dé orúnkún mi tí wọ́n ti ń yọ òdòdó yẹ́lò, báyìí wọ́n ti ń so. Aládùúgbò mi ní irúgbìn tí kò dáa ni wọ́n tà fún mi. Ṣé kí n dá a padà fún ẹni tó tà á ni? — Ìyá Ìbejì, Òṣogbo*

Ìyá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ. Èmi lọ nígbà tèmi, mo sì kábàámọ̀ rẹ̀.

Oṣù kejìlá náà ni. Mo ra irúgbìn ewédú agolo mílíìkì kan lọ́wọ́ obìnrin kan lọ́jà, mo gbìn ín, mo bomi rin ín títí ọrùn fi ń dùn mí. Kò ju gìgísẹ̀ lọ púpọ̀ tó fi tanná. Inú bí mi. Mo fa ọ̀kan tu tigbòǹgbò tigbòǹgbò, mo fi sínú ọ̀rá, mo gbé e dé ìsọ̀ obìnrin náà, mo sì pariwo lé e lórí níwájú àwọn oníbàárà rẹ̀. Ó jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán. Ó wá ní, "Màmá, ṣé ìyókù irúgbìn náà ṣì wà nílé? Ẹ tọ́jú ẹ̀ di ìgbà òjò, kí ẹ tún un gbìn." Mo gbìn ín lóṣù kẹrin, lórí ebè kan náà. Ó ga dé àyà mi. Mo padà lọ bẹ obìnrin yẹn, mo sì rí i dájú pé àwọn oníbàárà wà níbẹ̀ nígbà tí mo ń bẹ̀ ẹ́, torí níwájú wọn ni mo ti bú u.

Ẹnìkan tó ti ṣiṣẹ́ rí ní NIHORT, ilé ìwádìí ohun ọ̀gbìn tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ lọ́dún 1975 ní Ìdí-Ìṣin níhìn-ín, ló là mí lóye. Ó ní ewédú kì í wo omi nìkan, oòrùn ló ń wò. Bí ọ̀sán bá ti kúrú, ewédú á gbà pé àkókò ti tó láti so, á dẹwọ́ lórí ewé, á kọjú sí òdòdó. Lọ́dọ̀ wa, ọ̀sán oṣù kejìlá kò ju bíi wákàtí 11 àti ìṣẹ́jú 40 lọ, ti oṣù kẹfà sì lé ní wákàtí 12 àti ààbọ̀ díẹ̀. Àwa èèyàn kì í fura sí ìyàtọ̀ yẹn rárá, ewédú mọ̀ ọ́n. Bí ẹ bá tilẹ̀ darí odò Ọ̀ṣun gba ẹ̀yìnkùlé yín kọjá, ewédú oṣù kejìlá á tètè tanná náà ni.

Kí ẹ wá ṣe báwo? Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ má ṣe retí pé ẹ ó máa gé e kó máa rú padà. Ẹ fọ́n ọn kó ṣù pọ̀, kí ẹ sì fà á tu tòun ti gbòǹgbò ní bíi ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, kó tó yọ ọmọ òdòdó rárá. Ẹ tún fọ́n òmíràn lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì-méjì. Láti oṣù kẹrin lọ ni kí ẹ máa gé e, kí ẹ fi bí ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan sílẹ̀ nídìí, á yọ ẹ̀ka tuntun. Èyí tó ń so lọ́wọ́ báyìí, ẹ má bínú sí i. Ẹ jẹ́ kí èso rẹ̀ gbẹ lórí igi, kí ẹ ká a kó tó là fúnra rẹ̀. Irúgbìn oṣù kẹrin yín nìyẹn, ẹ ò ní fi owó rà á.

Ti pé kò hù dáadáa, ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ nìyẹn. Ẹ da irúgbìn ewédú díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́ kí ẹ wò ó: ó ní igun-igun, àwọ̀ rẹ̀ dà bí eérú tó fẹ́ dúdú, ara rẹ̀ sì le. Awọ líle yẹn kì í jẹ́ kí omi ráyè wọlé, ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń hù lónìí tí àwọn mìíràn ń sùn sínú ilẹ̀. Ohun tí mo máa ń ṣe rèé. N ó di irúgbìn sínú aṣọ fẹ́lẹ́ tó mọ́, n ó so ó lẹ́nu. N ó jẹ́ kí omi hó, n ó sọ ọ́ kalẹ̀ lórí iná. Bí híhó rẹ̀ bá ti rọlẹ̀, n ó ri aṣọ náà bọ inú rẹ̀, n ó ka ení, èjì, títí dé ẹ̀wá, n ó fà á yọ, n ó sì kì í bọ omi tútù lójú ẹsẹ̀. Ẹ má jẹ́ kó kọjá ẹ̀wá o. Tó bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ ti sè é nìyẹn. N ó tẹ́ ẹ sórí àwo lábẹ́ ibòji kí afẹ́fẹ́ fẹ́ ẹ, n ó pò ó mọ́ yanrìn gbígbẹ kó má baà dì mọ́ra, n ó sì fọ́n ọn lọ́jọ́ náà. Kó tó pé ọ̀sẹ̀ kan, orí ebè á ti tutù yọ̀yọ̀.

*Ẹ káàsán mà. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí, yàrá kan ni mo háyà. Iwájú fèrèsé mi, sìmẹ́ǹtì ni gbogbo rẹ̀, àmọ́ oòrùn máa ń dé ibẹ̀ láti àárọ̀ títí di ọ̀sán. Ẹ̀fọ́ ti wọ́n jù fún mi. Kí ni mo lè gbìn, ìgbà wo ni kí n sì bẹ̀rẹ̀? — Láti Ilé-Ifẹ̀*

Ọmọ mi, bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí. Ẹni tó ń gbìn sínú àpò kò nílò kó dúró de òjò, torí ọwọ́ ara rẹ̀ ni yóò fi bomi rin ín. Wá àpò ìrẹsì mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ká ẹnu wọn sílẹ̀ dé ìdajì, lu ihò sí wọn nídìí, kí o sì gbé wọn lé orí bíríkì kí omi lè máa ro. Bu erùpẹ̀ dúdú lábẹ́ igi, ìwọ̀n méjì erùpẹ̀ sí ìwọ̀n kan ìgbẹ́ adìyẹ tó ti jẹrà. Tó ti jẹrà ni mo wí o. Ki ọwọ́ bọ àárín òkìtì ìgbẹ́ náà: bó bá ṣì ń gbóná, tó sì ń ta ọ́ nímú, yóò jó gbòǹgbò ẹ̀fọ́ rẹ. Wọ́n omi sí i, máa dà á sókè-sísàlẹ̀, fún un ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin.

Kí ìgbẹ́ náà tó jẹrà, gbin gbúre sínú erùpẹ̀ lásán. Má ra irúgbìn rẹ̀. Ra gbúre ọbẹ̀ lọ́jà, já ewé rẹ̀ sè, kí o sì ti igi tó kù bọ ilẹ̀ ní bí ìka kan jíjìn. Á ta gbòǹgbò. Ewúro náà bẹ́ẹ̀, gé igi rẹ̀ tó ti gbó díẹ̀, kó gùn tó ìbú àtẹ́lẹwọ́ méjì, tì í bọ àpò tirẹ̀, torí yóò pẹ́ lọ́dọ̀ rẹ. Àpò ìyókù, tẹ̀tẹ̀ ni kí o fún. Tẹ̀tẹ̀ kì í tẹ́ láwùjọ ẹ̀fọ́, làwọn àgbà wa ń wí tí wọ́n bá ń ṣàdúrà, nínú àpò náà kì í sì í tẹ́: ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin, o ti ń jẹ ẹ́. Irúgbìn rẹ̀ kéré gan-an, nítorí náà pò ó mọ́ yanrìn kí o tó fọ́n ọn, má sì bò ó mọ́lẹ̀ jù.

Lásìkò yìí tata ni yóò dà ọ́ láàmú. Jí ní kùtùkùtù, nígbà tí òtútù ọyẹ́ ṣì mú un tí kò lè fò, fi ọwọ́ ṣà á kúrò. Tí òjò bá wá dé, ìyọnu á yí padà: o ó máa rí ohun funfun bí ẹfun lábẹ́ ewé tẹ̀tẹ̀. Já ewé bẹ́ẹ̀ dànù, dín in kù nínú àpò kí afẹ́fẹ́ ráyè, kí o sì máa bomi sí ìdí rẹ̀, má bù ú sórí ewé.

*Mo ti fẹ̀yìntì, ọgbà ni mò ń ṣe báyìí. Lọ́dọọdún tí òjò bá ti dé, mo máa ń gbin tòmátì. Á dàgbà, á tanná, ṣùgbọ́n bó bá fẹ́ so, àwọn kan á ṣàdédé rọ nígbà tí ewé wọn ṣì tutù. Àwọn mìíràn, ewé wọn á pọ́n, á gbẹ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. — Bàbá Àgbà, Abẹ́òkúta*

Ẹ kú ilé o, Bàbá wa, mo kúnlẹ̀ kí yín. Àìsàn méjì ni ẹ ṣàpèjúwe, ìtọ́jú wọn kì í sì í ṣe ọ̀kan náà.

Èyí tó ń rọ lójijì, ẹ gé igi rẹ̀ nídìí nítòsí ilẹ̀, kí ẹ bu omi tó mọ́ gaara sínú ife gíláàsì, kí ẹ di igi náà mú kí ojú ibi tí ẹ gé kan omi, ẹ má mì í. Bí ohun funfun bá ń já bọ́ láti ojú igi náà wá sínú omi, tẹ́ẹ́rẹ́ bí okùn òwú, inú ilẹ̀ ni àrùn náà wà. Kò sí oògùn tí ẹ lè fọ́n tí yóò wò ó. Ẹ fà á tu, ẹ sun ún, ẹ má sì gbin tòmátì, ata tàbí ìgbá síbẹ̀ fún ọdún mélòó kan, torí ọmọ ìyá ni gbogbo wọn. Ẹ gbin àgbàdo síbẹ̀. Tòmátì yín, ẹ kó o sínú àpò bíi ti ọmọ Ilé-Ifẹ̀ yẹn, pẹ̀lú erùpẹ̀ tí ẹ bù láti ibòmíràn.

Èyí tó ń gbẹ láti ìsàlẹ̀, òjò ló ń ta erùpẹ̀ sí i lára. Ẹ fi koríko gbígbẹ bo ìdí rẹ̀, ẹ fi ọ̀pá gbè é, ẹ já ewé tó bá ń kan ilẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ tèmi, Bàbá, n ò ní fi tòmátì sábẹ́ òjò oṣù kẹfà rárá. Oṣù kẹjọ, nígbà tí òjò bá sinmi, ni kí ẹ fọ́n irúgbìn sí nọ́sìrì, kí ẹ ṣí i gbìn láàárín oṣù kẹsàn-án. Òjò àrọ̀kúrò á fún un lómi, nígbà tó bá fi máa so, òjò á ti lọ. Mo mọ̀ pé èèyàn kì í fẹ́ dúró. Ọdún 2016 tí kòkòrò jẹ oko tòmátì ní Kàdúná, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n nínú ìṣasùn, láti ìgbà náà ni mo ti ń gbin tèmi, ti oṣù kẹsàn-án nìkan ló sì máa ń ṣe dáadáa.

*Ẹ kú àtijọ́ mà. Ìlú London ni a wà. Ewédú inú fírísà ti sú mi. Káńsù ṣẹ̀ṣẹ̀ yá wa ní ilẹ̀ ọgbà kékeré kan. Ọkọ mi ní àlá lásán ni, pé òtútù ibí kò lè jẹ́ kí ewédú hù. — Ìyá Dárà, Peckham*

Ìyá Dárà, ẹ bá mi kí bàbá àwọn ọmọ. Òótọ́ ni wọ́n sọ nípa òtútù, àmọ́ ẹ padà ka èsì tí mo fún Ìyá Ìbejì. Ọ̀sán kúkúrú ló ń mú ewédú tanná. Lọ́dọ̀ yín, ọ̀sán oṣù kẹfà lé ní wákàtí 16! Bí ooru bá ti tó, ewé ni yóò máa yọ, yóò sì máa yọ ọ́ ju ti Òṣogbo lọ.

Ẹ gbìn ín sínú ike lẹ́bàá fèrèsé níparí oṣù kẹrin, lẹ́yìn tí ẹ bá ti fi omi gbígbóná ṣe é bí mo ṣe wí. Ẹ má gbé e jáde kó tó di oṣù kẹfà, nígbà tí òru kò bá tutù púpọ̀ mọ́. Bí ẹ bá ní ilé onírọ́bà tí wọ́n fi ń bo ọgbà, inú rẹ̀ ló ti máa dùn jù. Ẹ má ní kí wọ́n bá yín di irúgbìn ránṣẹ́ láti ilé, òfin wọn lórí irúgbìn tó ń tòkèèrè wọlé le. Ẹ wá a lọ́hùn-ún: àwọn ará Íjíbítì náà ń jẹ ewédú, mulukhiyah ni wọ́n ń pè é, orúkọ yẹn ni kí ẹ béèrè. Tẹ̀tẹ̀, ẹ béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ará Jàmáíkà, callaloo ni tiwọn.

Ọwọ́ oṣù kẹsàn-án, ọ̀sán yín á ti kúrú dọ́gba pẹ̀lú tiwa, ẹ ó sì rí òdòdó yẹ́lò. Ẹ má ta omi kún un mọ́, èso rẹ̀ kò ní ráyè gbó kí òtútù tó dé. Ẹ fa gbogbo rẹ̀ tu lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ẹ pe àwọn ọmọ kí wọ́n bá yín já ewé rẹ̀, kí ẹ sì dì í sínú fírísà fún oṣù kejìlá.