Ọ́ìlì gíà Camry 2003: ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ẹ̀rọ fọ̀ ọ́

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ní Camry 2003 tí ẹ rà lọ́wọ́ ẹlòmíì ti rin máìlì 180,000, ẹ ò mọ ìgbà tí wọ́n yí ọ́ìlì gíà rẹ̀ kẹ́yìn. Ẹ wá ń béèrè iye lítà tí ẹ máa rà, àti bóyá kí ẹ gbà kí wọ́n fi ẹ̀rọ fọ inú gíà náà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbà. Èmi gbà, ojú mi sì rí màbo.

Corolla 2004 ni tèmi. Ilé iṣẹ́ ẹni tó bá mi yí i níbí ní Àkúrẹ́ mọ́ tónítóní, ó ní kọ̀ǹpútà, wọ́n ń pè é ní ẹ́ńjíníà. Ó so ẹ̀rọ mọ́ gíà, ó fa ti àtijọ́ jáde, ó ti tuntun wọlé. Ó paná mọ́tò, ó dúró títí tó fi tutù, ó wá fa géèjì yọ, ó ní ó ti kún. Mo bi í pé ṣé bí wọ́n ṣe ń wò ó nìyẹn. Ó ní ṣé èmi ni mo fẹ́ kọ́ òun níṣẹ́ ni!

Géèjì gíà Toyota kò dà bí ti ẹ́ńjìnnì. Tí ẹ bá paná, ọ́ìlì tó wà lókè á ṣàn padà sísàlẹ̀, géèjì á ní ó kún. Tí ẹ bá ṣíná, pọ́ǹpù á gbé e lọ sókè, ìgbà yẹn lẹ máa rí òótọ́. Tèmi ò kún rárá.

Lọ́jọ́ kẹta, à ń bọ̀ láti Ìdànrè, ìyàwó mi àti ọmọ méjì wà nínú ọkọ̀. A dé orí òkè kan, mo tẹná, ẹ́ńjìnnì ń ké, mọ́tò ò lọ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ padà sẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ ọkọ̀ akẹ́rù tó kó kòkó wà lẹ́yìn wa. Mo tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀, ọmọ ń sunkún, àwọn tó wà lórí kòkó ló bẹ́ sílẹ̀ wá fi òkúta dí táyà wa. Títí dòní, bí mo bá dé ibẹ̀, àyà mi á já. Nígbà tí wọ́n tú gíà, ọ́ìlì ti dúdú, ó ń rùn bí ẹ̀wà tó jóná, àwọn kúlọ́ọ̀ṣì inú rẹ̀ ti jó tán. Mo padà lọ bá ọ̀gbẹ́ni yẹn, ó ní gíà mi ti kú kí n tó gbé e wá. Irọ́ ni! Mo fi owó ilé ìwé ọmọ ra gíà tòkunbọ̀.

Ẹ̀rọ yẹn tún lè ru ìdọ̀tí tó ti jókòó sísàlẹ̀ sókè, kó lọ dí àwọn ihò tín-ín-rín tí ọ́ìlì ń gbà.

Dída ọ́ìlì àtijọ́ nù láìlo ẹ̀rọ kò le: ẹ tú nọ́ọ̀tì abẹ́ gíà, ẹ jẹ́ kó dà tán, ẹ dé e padà, ẹ da tuntun sí ojú ihò géèjì. Àmọ́ ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wọ abẹ́ mọ́tò tó jẹ́ jáàkì nìkan ló gbé e dúró.

Ọ́ìlì gíà tí wọ́n ń pè ní Type T-IV ni ọkọ̀ yín ń lò. Wọ́n á ní ọ̀kan náà ni gbogbo ọ́ìlì pupa. Ẹ má dá wọn lóhùn. WS, irú ọ́ìlì mìíràn tí Toyota ń lò fún àwọn tuntun, ẹ má pò ó mọ́ ọn. Ẹ yẹ ìdérí wò dáadáa kí ẹ tó sanwó, torí wọ́n ń rọ ayédèrú sínú ike àtijọ́.

Ti lítà: ẹ ra mẹ́rin fún ìgbà kọ̀ọ̀kan. Bíi mẹ́ta ààbọ̀ ló máa jáde, púpọ̀ nínú ìyókù wà nínú torque converter, ìyẹn ẹ̀yà tó so ẹ́ńjìnnì mọ́ gíà. Ẹ wọn èyí tó jáde, iye yẹn gan-an lẹ máa dá padà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ tún un ṣe, lẹ́ẹ̀mẹta.

Kí ẹ tó gbà pé ó kún, ẹ wa ọkọ̀ dé Ọ̀bà-Ilé nítòsí Àkúrẹ́ níbí kẹ́ ẹ padà kó lè gbóná. Ẹ dúró síbi tó tẹ́jú, ẹ má paná, ẹ fi gíà rìn díẹ̀díẹ̀ láti P dé L, kẹ́ ẹ dá a padà sí P. Ẹ nu géèjì, ẹ tì í bọ̀ ọ́, ẹ fà á yọ, ẹ wo àmì HOT.

Ṣùgbọ́n ẹ ò sọ bóyá gíà náà ti ń jà tàbí ó ń yọ̀. Tó bá ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ kọ́kọ́ sọ fún mi kí ẹ tó ra ọ́ìlì kankan.