Kó o tó gba yàrá abẹ́ títì ní Utrecht, gbọ́ bí odò yẹn ṣe débẹ̀

Àbúrò, mo rí ìbéèrè ẹ. O ní wọ́n fi werfkelder kan, ìyẹn yàrá abẹ́ títì tó ṣílẹ̀kùn sétí omi, hàn ẹ́ létí odò Oudegracht ní Utrecht ní Netherlands, pé o fẹ́ fi ṣe ilé oúnjẹ, o wá ń béèrè pé ṣé omi ò ní wọlé bá ẹ níbẹ̀, kí ló dé tẹ́nì kan fi máa kọ́ ṣọ́ọ̀bù sábẹ́ títì ná, àti pé ṣé òótọ́ ni pé ìlú yẹn hú títì ọlọ́kọ̀ ńlá dànù torí kí wọ́n lè dá odò padà. Mo ti se oúnjẹ tà nínú irú yàrá yẹn rí, mo sì mọ ohun tójú mi rí kí n tó kó jáde. Gbogbo ohun tó máa dà ẹ́ láàmú níbẹ̀, ọ̀rinrin o, ẹrù gbígbé o, ìwé àṣẹ o, bí wọ́n ṣe ṣe odò yẹn láti ayé ọjọ́un ló fà á, torí ẹ̀ ni mi ò ṣe ní kàn sọ pé gbà á tàbí má gbà á.

Lákọ̀ọ́kọ́ ná, Utrecht kì í ṣe Amsterdam o. Téèyàn bá ti gbọ́ kánáàlì báyìí, odò tí wọ́n fọwọ́ gbẹ́, ti Amsterdam ló máa ń sáré wá síni lọ́kàn, Herengracht, Keizersgracht, Prinsengracht, àwọn tó yí àárín ìlú ká tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ní 1613. Tọ̀hún, àwọn aláṣẹ ló jókòó, wọ́n ya máàpù, wọ́n wọn ilẹ̀, wọ́n gé e sí púlọ́ọ̀tì, wọ́n tà á fún olówó. Àwọn kan nínú àwọn aláṣẹ yẹn gan-an ti sáré lọ ra ilẹ̀ oko pamọ́ kí ètò náà tó jáde, Frans Oetgens tó jẹ́ olórí ìlú wà lára wọn, ìlú wá padà ra ilẹ̀ ọ̀hún lọ́wọ́ wọn lówó gegere. Ọmọ onílẹ̀ wà níbi gbogbo jàre. Àmọ́ Oudegracht ti Utrecht ti wà fún ọgọ́rùn-ún ọdún mélòó kan kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ya á sórí ìwé tán kí wọ́n tó máa gbẹ́ ẹ.

Odò Rhine ló ń gba ìlú yẹn kọjá láyé àtijọ́, àwọn sójà Róòmù ti kọ́ ibùdó síbẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 47, ibi tí ṣọ́ọ̀ṣì Dom wà lónìí gan-an ni. Nígbà tó wá di 1122, Heinrich Karùn-ún tó jẹ́ olú ọba fọwọ́ sí ẹ̀tọ́ ìlú fún Utrecht ní June 2, àárín àkókò yẹn náà ni wọ́n sé odò mọ́ lókè lọ́hùn-ún ní Wijk bij Duurstede torí omi ò jẹ́ kí wọ́n rí ilẹ̀ dá oko. Ó dáa fún àwọn àgbẹ̀, ṣùgbọ́n wo ìlú tó jẹ́ pé ọkọ̀ ojú omi ni òwò ẹ̀ dúró lé, omi tó ń bọ̀ ti já kúlẹ̀, ìyẹn ò sì tó ọkọ̀ ẹlẹ́rù mọ́. Kí ni wọ́n ṣe? Wọ́n gbẹ́ tiwọn. Wọ́n gbẹ́ ọ̀nà omi kan gba ìhà gúúsù jáde láti lọ bá odò ńlá, Vaartse Rijn nìyẹn, apá àríwá sì ni odò Vecht. Oudegracht ló so méjèèjì pọ̀ láàárín ìlú, apá kan ẹ̀ tẹ̀lé odò àtijọ́, ìyẹn lo ṣe máa rí i pó ń ṣe kọ́rọkọ̀rọ, apá tí wọ́n fọwọ́ gbẹ́ ló gún.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ẹ wà nìyí. Títì àti ilé ga gan-an sí omi, torí bí wọ́n ṣe ń gbẹ́ ni wọ́n ń da erùpẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, omi fúnra ẹ̀ sì ti lọ sílẹ̀. Oníṣòwò tó bá já ọtí wáìnì lágbá lágbá nínú ọkọ̀, ṣé á máa fi orí gbé e gun òkè ni? Wọ́n bá ṣe pèpéle gbọọrọ kan sísàlẹ̀, ìwọ̀n ibi tí omi wà, ìyẹn ni wọ́n ń pè ní werf, wọ́n wá lu ihò láti abẹ́ ilé wọn gba abẹ́ títì jáde síbẹ̀. Àgbá bá ń yí láti inú ọkọ̀ wọ abẹ́ ilé tààrà. Irú yàrá bẹ́ẹ̀ lé ní 700 ní ìlú yẹn. Kò sí ìlú míì tí mo mọ̀ ní Netherlands tó ní i tó báyẹn. Ilé ìkẹ́rù sí ni, wọn ò kọ́ ọ fún èèyàn láti jókòó jẹun, fi ìyẹn sọ́kàn.

Ti pé ṣé odò máa kún wọlé bá ẹ, ìyẹn ò ní dà ẹ́ láàmú. Ilẹ̀kùn omi kan wà lápá àríwá ìlú, Weerdsluis, òun àtàwọn bíi tiẹ̀ ni wọ́n fi ń di omi mú kó máa wà lójú kan, torí tó bá fi lè gòkè díẹ̀ péré, gbogbo werf ló máa rì. (Láti 2021 wọ́n ti ri kámẹ́rà sínú omi níbẹ̀. Tó bá ti di ìgbà ìrúwé tí ẹja fẹ́ kọjá lọ yé ẹyin tí ilẹ̀kùn sì tì, èèyàn lè jókòó sílé ẹ̀ níbikíbi láyé, tó bá rí ẹja lórí íntánẹ́ẹ̀tì, á tẹ bẹ́ẹ̀lì kí ẹni tó ń ṣọ́ ọ lè mọ̀ pé ó yẹ kí wọ́n ṣílẹ̀kùn. Mo ti tẹ̀ ẹ́. Ọmọ mi ló kọ́kọ́ fi hàn mí, mo rò pó ń bá mi ṣeré ni.)

Omi tó máa jà ẹ́ ń bọ̀ látòkè. Títì ni òrùlé ẹ. Bíríkì ni wọ́n fi tẹ́ títì, òjò á gba àárín ẹ̀ kọjá, á rin erùpẹ̀, á wá bá òrùlé yàrá ẹ, òun náà bíríkì, bíríkì sì máa ń mu omi. Lára ògiri ẹ̀yìn, níbi tó jìnnà sí ilẹ̀kùn, wà á rí nǹkan funfun kan tó ń hu jáde bí ìyẹ̀fun, tó o bá fọwọ́ kàn án á máa jábọ́, iyọ̀ ni, omi ló ń gbé e jáde látinú bíríkì. Lónìí wà á gbá a, lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ ó ti tún dé. Àpò gààrí tó bá fẹ̀yìn ti ògiri yẹn, ẹ̀gbẹ́ tó kàn án á dì gbagidi, á máa rùn, ìyókù àpò náà á sì dùn ún wò bíi pé kò sí nǹkan. Ẹ̀lùbọ́ tiẹ̀ burú jù, lójú ẹ báyìí ló máa bu funfun. Gbogbo ẹrù mi, orí pákó ni mo padà ń tò wọ́n sí láàárín yàrá, àwọn oníbàárà á máa gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kọjá.

Láńlọ́ọ̀dù tí mo gba tèmi lọ́wọ́ ẹ̀, kí n tó dé ló ti fi síméńtì rẹ́ gbogbo ògiri, ó kun ún ní ọ̀dà olómi rọ́bà, ó ń dán gbinrin. Àrékérekè gbáà ni. Bíríkì àtijọ́ yẹn, láìmù, ìyẹn ẹfun ìkọ́lé, ni wọ́n fi mọ ọ́n, ó yẹ kó máa mí kí omi inú ẹ̀ lè rọra gbẹ, tó o bá wá fi síméńtì dí i, omi ò rí ọ̀nà jáde, á máa gun òkè lọ nínú ògiri, á dé òrùlé, síméńtì yẹn fúnra ẹ̀ á wá bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ ní bébà bébà. Èyí tó bọ́ sínú ìkòkò ọbẹ̀ mi lọ́jọ́ tí ilé kún fún èrò, mi ò fẹ́ rántí. Tí mo bá pè é, á ní ọ̀rọ̀ títì ni, pé òun kọ́ ló ni títì. Lóòótọ́, ẹni tó ni ilé ló sábà máa ń ni yàrá, ìlú ló ni títì, omi tó wà láàárín àwọn méjèèjì ló di tìẹ.

Nítorí náà, má lọ wò ó lọ́jọ́ tí oòrùn ràn. Jẹ́ kí òjò rọ̀ dáadáa, kó o wá lọ ní ọjọ́ kejì. Fọwọ́ kan ògiri ẹ̀yìn. Fi ìka kan án kó, kó, kó, tó bá dún bí nǹkan tí inú ẹ̀ ṣófo, síméńtì ti yọ lára bíríkì nìyẹn. Jáde sórí títì kó o wo ohun tó wà lókè orí ẹ gan-an, tó bá jẹ́ igi ńlá ni, wo òrùlé ẹ dáadáa bóyá gbòǹgbò ti ń yọ.

Ẹrù gbígbé wá ńkọ́. Torí pé yàrá wà lábẹ́ títì, mọ́tò tó bá wúwo ju tọ́ọ̀nù 2 lọ lórí áàsù kan, ìyẹn ọ̀pá tó so táyà ọ̀tún àti tòsì pọ̀, ò gbọdọ̀ gbabẹ̀, kó má lọ já wọ inú ilé onílé. Ohun tí ìlú wá ṣe sí i ló dùn mọ́ mi jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí: wọ́n padà sí ohun tí wọ́n torí ẹ̀ gbẹ́ odò. Láti 1996, gemeente, ìyẹn ìjọba ìlú, ní ọkọ̀ ojú omi kan tó ń gbé ẹrù fáwọn ilé oúnjẹ etí odò, Bierboot ni wọ́n ń pè é, ní 2010 wọ́n gbé èyí tó ń lo bátìrì jáde. Kò ń pariwo rárá, o ò tiẹ̀ ní mọ̀ pó ti dé tí o ò bá máa wòta. Kírénì wà lórí ẹ̀, á na apá, á gbé kéèjì tí kíréètì ọtí àti ẹrù wà nínú ẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ sórí werf, gbìì, níwájú ilẹ̀kùn ẹ, o ní láti wà níbẹ̀ kó o máa kó o wọlé kí wọ́n lè kọjá sọ́dọ̀ ẹni tó kàn, òwúrọ̀ kùtù nínú òtútù, ọwọ́ á kú tipiri. Síbẹ̀ adùn ni. Ìyà tó wà níbẹ̀ ni pé àwọn tí wọ́n ń kó ẹrù ńláńlá fún ilé ọtí ló ń lo ọkọ̀ yẹn, oníṣu tèmi àti ẹni tó ń kó epo pupa àti ìgbín wá fún mi ò sí nínú ètò yẹn, fáànù kékeré ni wọ́n ń gbé wá, wọ́n á páàkì lókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ afárá, èmi á máa gbé iṣu ní páálí kọ̀ọ̀kan sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn òkúta. Tó bá di November tí ewé bá já sórí àtẹ̀gùn yẹn tí òjò sì pa á, yíyọ̀ ẹ̀ kúrò ní kékeré.

Ní ti títì tí wọ́n hú, òótọ́ ni. Yàtọ̀ sí Oudegracht, odò míì wà tó yí gbogbo ìlú àtijọ́ po, odò ààbò ìlú ni tẹ́lẹ̀, ògiri ìlú wà létí ẹ̀, nígbà tí wọ́n wó ògiri, ọ̀gbẹ́ni Zocher tó mọ̀ nípa ọgbà ṣíṣe sọ etí odò náà di ọgbà ìgbafẹ́ ní àwọn ọdún 1830 síwá sẹ́yìn. Ní 1958 wọ́n lọ gbé ẹ̀ńjíníà ìrìnnà kan wá láti Jámánì, Feuchtinger, ó ní kí wọ́n dí odò yẹn yípo kí wọ́n fi ṣe títì mọ́tò. Yípo o! Ariwo ta, wọ́n dá apá tó pọ̀ jù sí, ṣùgbọ́n apá ìwọ̀ oòrùn, Catharijnesingel, wọ́n fa omi ẹ̀ gbẹ, wọ́n tẹ́ títì sísàlẹ̀ ibi tí omi wà. Ní 1973 tí wọ́n ṣí ilé ìtajà ńlá Hoog Catharijne lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, mọ́tò ti rọ́pò pẹ́pẹ́yẹ.

Títì yẹn ṣì wà nígbà tí mo kọ́kọ́ dé ìlú yẹn. Tó o bá dúró lórí afárá, wà á rí mọ́tò tó ń sá nínú kòtò gígùn, kò lọ ibi kankan, ó kéré jọjọ, lójijì ló máa parí. Mi ò tiẹ̀ mọ̀ pé odò ni tẹ́lẹ̀ títí ìyá arúgbó kan tó máa ń wá jẹ ìrẹsì lọ́dọ̀ mi fi sọ pé òun ti rìn lórí yìnyín níbẹ̀ rí nígbà èwe òun. Ní 2002, ìlú dìbò lórí ètò agbègbè ibùdó ọkọ̀ ojú irin, èyí tó dá odò padà ló wọlé. Ìdìbò yá, iṣẹ́ ò yá. 2015 ni omi dé apá àríwá, September 12, 2020 ni àwọn ìyókù tó so pọ̀ tí ọkọ̀ ojú omi lè yí ìlú po, bíi kìlómítà mẹ́fà. Gbogbo ọdún tí wọ́n fi ń gbẹ́ yẹn, yípo yípo ni fáànù oníṣu mi ń yí, mi ò purọ́, mo ṣépè. Ṣùgbọ́n nígbà tó parí, mo gbà pé wọ́n ṣe ohun tó dáa, àwọn tó ń fi ọkọ̀ kékeré ṣeré nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ń kọjá níwájú àwọn ilé oúnjẹ, tí òórùn ata dídín bá kàn wọ́n nímú, wọ́n á dúró.

Ọ̀rọ̀ òórùn yẹn gan-an ni kó o kọ́kọ́ yanjú. Ilé àtijọ́ tí ìjọba ń dáàbò bò làwọn yàrá yẹn, o ò lè kàn lu ihò sí òrùlé kó o fi páìpù èéfín síbẹ̀, ìwé àṣẹ ni, ó sì ń pẹ́. Tí èyí tí wọ́n fi hàn ẹ́ bá ti ní ihò èéfín tó ní ìwé, tí ẹni tó lò ó kẹ́yìn sì ń se oúnjẹ níbẹ̀, ó ṣeé rò. Tó bá jẹ́ pé ibi ìkó báísíkù sí ni wọ́n ń lò ó fún tẹ́lẹ̀, kúrò níbẹ̀. Tó bá sì jẹ́ pé gààrí àti ẹ̀lùbọ́ lo fẹ́ máa tà pọ̀ ju oúnjẹ sísè lọ, wá ṣọ́ọ̀bù orí ilẹ̀ lápá Kanaalstraat ní àdúgbò Lombok, ibẹ̀ gbẹ, mọ́tò ń dé ẹnu ọ̀nà, àwọn tó ń ra ọjà wa sì ń rìn níbẹ̀ dáadáa.

Tí kọ́ńtíráàtì bá ti tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, má tíì sáìnì o, wá ibi tí wọ́n ti sọ ẹni tó máa tún òrùlé ṣe tí omi bá ń jò, kó o kọ ọ́ síbí kí n bá ẹ wò ó.