Èsì: Àwo tánganran tí wọ́n kọ "Nippon" sí nídìí

Ẹ kú ìtọ́jú ogún ìyá yín. Ẹ ní kò sẹ́ni tó mọ ibi tí àwo náà ti wá, pé "Nippon" nìkan ló wà nídìí rẹ̀, ẹ sì fẹ́ mọ ọjọ́ orí rẹ̀ àti iye tó lè pa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì fi kànìnkànìn fọ̀ ọ́ o! Wúrà etí irú àwo bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ ṣí, bó bá sì ti ṣí, iye rẹ̀ já nìyẹn.

Nippon ni àwọn ará Japan ń pe ilẹ̀ wọn. Láti 1891 ni òfin Amẹ́ríkà ti sọ ọ́ di dandan kí orúkọ ilẹ̀ tí ọjà òkèèrè ti wá wà lára rẹ̀. Ní 1921 ni wọ́n ní àwọn ò gba Nippon mọ́, àfi "Japan". Tí òǹtẹ̀ yín bá jẹ́ ojúlówó, àárín ọdún wọ̀nyẹn ló ṣeé ṣe jù.

Ṣùgbọ́n ayédèrú òǹtẹ̀ yìí pọ̀. Èmi náà ti fi owó gidi ra ọ̀kan rí, ó sì dùn mí. Ẹ dojú àwo náà dé, kí ẹ wo òrùka ìdí rẹ̀ dáadáa. Èyí tó ti pẹ́ lórí tábìlì á ní ilà wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ tí kò bára dọ́gba, ìdọ̀tí á sì ti wọnú wọn. Tó bá jẹ́ pé ibi gbogbo ló họ bákan náà, ẹ fura. Ẹ rọra fi èékánná kàn án létí: tó bá dún gooro, ara rẹ̀ pé, tí ohùn rẹ̀ bá kú, ó lè ti sán níbìkan.

Ní ti owó, iye tí irú rẹ̀ ti tà ní gbàǹjo ni kí ẹ wò, kì í ṣe iye tí olùtajà ń pè. Ẹ ya fọ́tò òǹtẹ̀ náà lójú ọ̀sán, kí ẹ fi ránṣẹ́ kí n lè rí àwọ̀ rẹ̀.