Ọ́kíìdì Mi Ń Rọ: Ṣé Omi Ni Kò Tó?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìyàwó ọmọ mi fi ọ́kíìdì kan ta mí lọ́rẹ nígbà ọjọ́ ìbí mi, ní London níbí. Nígbà tó dé, òdòdó rẹ̀ funfun báláú. Ní báyìí, gbogbo òdòdó ọ̀hún ti rẹ̀ dànù, ewé rẹ̀ rọ, ó sì hunjọ. Ojoojúmọ́ ni mò ń bomi rin ín, síbẹ̀ ṣe ló ń burú sí i. Ṣé kí n dà á nù ni, àbí kí n pààrọ̀ ìkòkò rẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì dà á nù, Mà. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ dáwọ́ omi dúró ná títí ẹ ó fi rí gbòǹgbò rẹ̀.

Ewé tó bá rọ báyìí máa ń tan ni jẹ. Òùngbẹ ń gbẹ ẹ́ lóòótọ́, àmọ́ omi kọ́ ló ṣọ̀wọ́n fún un. Gbòǹgbò tó yẹ kó fa omi náà ló ti ń rà. Bí ẹ ṣe ń bu omi kún un, bẹ́ẹ̀ lèyí tó ṣẹ́kù ń rà sí i.

Irú tó wọ́pọ̀ jù lórí àtẹ ni Phalaenopsis, ó sì dá mi lójú pé òun ni tiyín. Orí igi ló ń hù sí nínú igbó Philippines, Indonesia àti agbègbè wọn. Kì í fa oje igi mu bí àfòmọ́. Ó kàn fara mọ́ igi ni. Òjò á pa gbòǹgbò rẹ̀, atẹ́gùn á sì tètè gbẹ ẹ́. Ìdí nìyí tí yẹ̀pẹ̀ inú ọgbà fi máa ń pa á.

Ẹ yọ ọ́ nínú ìkòkò, ẹ gbọn ohun tó wà lára gbòǹgbò dànù, kí ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ṣàn án. Ẹ wá fi ìka tẹ gbòǹgbò náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Èmi kì í fi ojú nìkan ṣèdájọ́ níbí, torí gbòǹgbò tí kò rí ìmọ́lẹ̀ lè pọ́n díẹ̀ kó sì yè dáadáa. Èyí tó bá le, ẹ fi sílẹ̀. Èyí tó bá dúdú, tó rọ̀, tí ẹ fà á tí awọ rẹ̀ bọ́ sí yín lọ́wọ́ tó wá ku fọ́nrán tín-ín-rín láàárín, ó ti kú. Ẹ fi sísọ́ọ̀sì tí ẹ ti fi sípíríìtì nù gé e kúrò. Ẹ gé ọ̀pá òdòdó àtijọ́ náà, kó lè fi agbára rẹ̀ wá gbòǹgbò tuntun.

Ìkòkò tuntun kò gbọdọ̀ tóbi: kó ṣáà gba gbòǹgbò tó kù. Ike tó mọ́ gaara, tó níhò nídìí, ni mo fẹ́ràn, torí ẹ ó máa rí gbòǹgbò láti ìta. Èèpo igi wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń tà fún ọ́kíìdì ni kí ẹ lò. Ẹ rẹ ẹ́ sómi mọ́jú. Ẹ má ri ìdí ewé mọ́lẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí ojú ibi tí ẹ gé gbẹ fún ọjọ́ mélòó kan kí ẹ tó bomi rin ín. Lẹ́yìn náà, gbòǹgbò fúnra rẹ̀ ni yóò máa sọ fún yín: bó bá tutù, á jẹ́ àwọ̀ ewé, bó bá gbẹ, á funfun bíi fàdákà. Ìgbà tó bá funfun ni kí ẹ bomi sí i, kí ẹ sì jẹ́ kó ro tán. Ìkòkò dídán tí wọ́n sábà ń gbé e sí kì í níhò, inú rẹ̀ lomi ti ń dárogún. Ẹ máa da omi náà nù. Bí omi bá kó sí àárín ewé, ẹ nù ún.

Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tó kọjú sí ìlà oòrùn, kó jìnnà sí hítà. Ẹ má fi ajílẹ̀ kankan sí i títí yóò fi yọ gbòǹgbò tuntun.

Ewé tó ti hunjọ lè má nà mọ́ láé, ẹ má wo tiẹ̀. Ewé tuntun láti àárín ni kí ẹ máa retí, ó sì lè gba oṣù mélòó kan. Àfi bí àárín ọ̀hún bá ti dúdú tó sì rọ̀ ni mo máa ní kí ẹ jọ̀wọ́ rẹ̀.