Ẹ Bi Wá: Kí Ló Tún Ṣẹlẹ̀ Láyé Lóṣù Tí Wọ́n Dá Kogí Sílẹ̀?

Ọ̀kun o, ẹ̀yin olóòtú. À ń kọ ìbéèrè ìdíje fún àwọn ọmọ iléèwé nítorí àyájọ́ ìpínlẹ̀ Kogí. A fẹ́ fi ìròyìn àgbáyé ti oṣù Kẹjọ ọdún 1991 kún un. Ẹnì kan ní oṣù yẹn gan-an ni Sófíẹ́ẹ̀tì, àpapọ̀ orílẹ̀-èdè tí Rọ́ṣíà ṣe olórí rẹ̀, túká. Ṣé òótọ́ ni?
(Olùkọ́, Ìyàrà)

Ọ̀kun o, Olùkọ́. Rárá o. Oṣù Kẹjọ ló ti sán. Oṣù Kejìlá ló tó fọ́.

Ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹjọ, àwọn ìjòyè ìjọba kan, tí Yanayev igbákejì ààrẹ wà láàárín wọn, sé Gorbachev, ààrẹ Sófíẹ́ẹ̀tì, mọ́lé ní Foros, létí òkun Crimea níbi tó ti lọ sinmi. Lọ́jọ́ 19, wọ́n ní ara rẹ̀ ò yá, ìjọba ti bọ́ sọ́wọ́ àwọn. Yeltsin, ààrẹ Rọ́ṣíà, gun orí ọkọ̀ ogun ní Moscow, ó ní kí aráàlú má gbà. Ọ̀dọ́kùnrin mẹ́ta bá wàhálà náà lọ. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ 21, ọ̀tẹ̀ ti forí ṣánpọ́n.

Ohun tí wọn ò fẹ́ kó já ni wọ́n fà já. Àwọn tó wà lábẹ́ Sófíẹ́ẹ̀tì ń bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan: Estonia kéde òmìnira lálẹ́ ọjọ́ 20, Latvia ní 21, Ukraine ní 24, Belarus ní 25. Moldova kéde tiẹ̀ ní ọjọ́ 27, ọjọ́ náà gan-an tí Ọ̀gágun Babangida kéde ìpínlẹ̀ tuntun mẹ́sàn-án, Kogí lọ́kan nínú wọn, tí ìpínlẹ̀ Nàìjíríà fi pé 30. Ẹ má jẹ́ kí ìbéèrè yẹn bọ́ lọ!

Ibi tí àṣìṣe ti ń wọlé rèé: ní ọjọ́ 24, Gorbachev fi ipò olórí ẹgbẹ́ Kọ́múníìsì sílẹ̀, àwọn èèyàn wá rò pé ipò ààrẹ ni. Ọjọ́ 25 oṣù Kejìlá ló tó kúrò nípò ààrẹ. Ọjọ́ kejì rẹ̀ ni Sófíẹ́ẹ̀tì parí. Bákan náà, ẹ kọ ọ́ pé “ọjọ́ wo ni Ukraine kéde òmìnira?” Bí ẹ bá kọ “gba òmìnira”, ọmọ tó bá gbọ́n á bá yín jà, torí ọjọ́ kìíní oṣù Kejìlá ni aráàlú wọn tó dìbò fọwọ́ sí i.

Ṣé ọjọ́ 6 oṣù yẹn ni wọ́n ṣe ìkànnì àkọ́kọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì?
(Akẹ́kọ̀ọ́, Kàbà)

Ó ti wà ní CERN, ilé ìwádìí sáyẹ́ǹsì kan nílẹ̀ Yúróòpù, láti ìparí ọdún 1990. Ọjọ́ 6 ni Tim Berners-Lee tó ṣe é kọ̀wé nípa rẹ̀ fáwọn ará ìta.

Eré ìdárayá ńkọ́?
(Òǹkàwé, Mọ́pà)

Ọjọ́ 30, níbi ìdíje ìfò jíjìn ní Tokyo, ni ká mú. Bob Beamon ti fò jìnnà dé mítà 8.90 lọ́dún 1968, kò sẹ́ni tó kọjá rẹ̀ láti ìgbà náà. Carl Lewis ló kọ́kọ́ fò ó kọjá lọ́jọ́ yẹn, mítà 8.91, ṣùgbọ́n atẹ́gùn tó ń tì í lẹ́yìn ju ìwọ̀n tí òfin gbà lọ, wọn ò lè kà á sí àkọsílẹ̀ tuntun. Mike Powell wá fò 8.95, atẹ́gùn tirẹ̀ ò ré òfin kọjá. Aago Tokyo fi wákàtí mẹ́jọ ṣáájú tiwa: alẹ́ ti lẹ́ lọ́hùn-ún nígbà tí oòrùn ṣì wà lókè ní Mọ́pà.

Lọ́jọ́ kejì, àwọn ọmọ Gánà tí kò tíì ju ọdún 17 lọ na Sípéènì ní 1–0 ní Ítálì, wọ́n gba ife àgbáyé.