Ìgò fítámì mẹ́rin láti Houston: èwo ni kí a lò, èwo ni kí a gbé sílẹ̀?

Ìbéèrè:

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi tó wà ní Houston fi ìgò oògùn mẹ́rin ránṣẹ́ sí èmi àti bàbá rẹ̀ ní Ìbàdàn. Ó ní antioxidant ni gbogbo wọn, pé wọn kì í jẹ́ kí jẹjẹrẹ àti rọpárọsẹ̀ sún mọ́ ènìyàn, àti pé ara kì í tètè gbó. Fítámì C 1000 ni àkọ́kọ́, fítámì E 400 ni ìkejì, selenium 200 ni ìkẹta, beta-carotene ni ìkẹrin. Ẹni ọdún 63 ni mí, mo sì ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Bàbá ti pé ẹni 70 ọdún; ó mu sìgá títí kó tó jáwọ́. Ṣé kí a máa lò wọ́n? Àbí oúnjẹ wa níhìn-ín ò ní nǹkan wọ̀nyí nínú ni?

Ìdáhùn:

Màmá, ẹ kú ìtọ́jú Bàbá. Ká tó sọ ohunkóhun, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ìgò beta-carotene yẹn kúrò níwájú wọn lónìí. A ó yẹ àwọn mẹ́ta tó kù wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n ti ìyẹn ò gba àríyànjiyàn.

Ìdí rẹ̀ rèé. Ó ti pẹ́ tí àwọn oníṣègùn ti ṣàkíyèsí pé jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣe àwọn tó ń jẹ ẹ̀fọ́ àti èso dáadáa, tí beta-carotene, ìyẹn èròjà aláwọ̀ inú ẹ̀fọ́ àti èso tí ara ń sọ di fítámì A, sì pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Wọ́n wá rò ó pé bí àwọn bá yọ beta-carotene yìí sọ́tọ̀, tí àwọn sì fi ṣe hóró oògùn, àǹfààní yẹn á bá a lọ. Èrò tó mọ́gbọ́n dání ni. Wọ́n dán an wò ní Finland lára ọkùnrin 29,133, amusìgá ni gbogbo wọn, ọjọ́ orí wọn sì wà láàárín 50 sí 69. Àwọn kan ń gba beta-carotene 20 mílígíráàmù lójúmọ́, àwọn kan ń gba fítámì E, àwọn kan ń gba méjèèjì, àwọn tó kù ń gba hóró tí kò ní nǹkan kan nínú, kò sì sẹ́ni tó mọ èyí tí òun ń gbé mì nínú wọn. Nígbà tí èsì jáde ní 1994, jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ti fi ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i lára àwọn tó ń lo beta-carotene. Pọ̀ sí i ni mo wí o, Màmá, kò dín kù.

Irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ ń lọ lọ́wọ́ ní Amẹ́ríkà nígbà náà, lára ènìyàn 18,314. Amusìgá, àwọn tó ti jáwọ́, àtàwọn tó ti ṣiṣẹ́ nídìí asbestos, èròjà ìkọ́lé kan tí eruku rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, ni wọ́n. Beta-carotene 30 mílígíráàmù pẹ̀lú fítámì A ni wọ́n ń fún wọn. Oṣù kìíní 1996 ni wọ́n dá a dúró láìtíì parí, nítorí pé jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ti fi ìdá 28 nínú ọgọ́rùn-ún lé lára àwọn tó ń lo oògùn, iye àwọn tó ń kú sì ti fi ìdá 17 lé.

Ẹ lè ní, "Bàbá ti jáwọ́ ná." Ó dáa púpọ̀ tí wọ́n jáwọ́. Ṣùgbọ́n nínú ìwádìí kan lórí ojú tí èsì rẹ̀ jáde ní 2013, tí wọn ò tilẹ̀ fún ẹni tó ń mu sìgá lọ́wọ́ ní beta-carotene rárá, jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ṣì pọ̀ jù lára àwọn tó gbà á, àwọn tó sì ti mu sìgá rí ló pọ̀ jù nínú wọn. Nítorí náà, ẹ má fi ìgò yẹn ta dírẹ́bà tàbí ará ilé kejì lọ́rẹ. Ẹ ò mọ ẹni tó ń fà á ní kọ̀rọ̀.

Báwo ni ohun tí wọ́n ní ó ń gba ara là ṣe wá ń pani lára? Bí ara bá ń lo afẹ́fẹ́ tí a mí sínú láti sọ oúnjẹ di agbára, àwọn èròjà kan máa ń jáde tí wọ́n ń pè ní free radical. Wọn ò lè dá dúró. Ńṣe ni wọ́n máa ń já nǹkan gbà lára ohunkóhun tó bá wà nítòsí, ìbáà jẹ́ ọ̀rá, ìbáà jẹ́ DNA tó wà nínú ẹ̀yà ara. Èéfín sìgá náà kún fún wọn. Antioxidant ni ohun tó ń yọ̀ǹda tirẹ̀ fún wọn kí wọ́n lè fara balẹ̀. Títí débẹ̀, òótọ́ ni ọmọ yín sọ. Ohun tí àwọn tó ń ta ìgò kì í sábà sọ ni pé ara fúnra rẹ̀ ń ṣe antioxidant tirẹ̀, ó sì tún ń mọ̀ọ́mọ̀ lo free radical wọ̀nyí. Òun ni sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ fi ń pa kòkòrò àrùn. Òun kan náà ló ń ta ara lólobó nígbà tí a bá ṣe eré ìdárayá, kí ara lè gbára dì: ní 2009, àwọn onímọ̀ kan ní Jámánì rí i pé àwọn ọ̀dọ́ tó ń lo fítámì C 1000 àti fítámì E 400 pẹ̀lú eré ìdárayá pàdánù díẹ̀ nínú àǹfààní tí eré náà ń ṣe fún bí ara ṣe ń lo ṣúgà. Bí antioxidant bá ti pọ̀ ju bó ṣe yẹ, kì í ṣe ibi nìkan ló ń dí lọ́wọ́.

Ó yá, fítámì E àti selenium. Méjèèjì yìí, ẹ kò lè rí ìwádìí tó bá ìgò yín mu ju èyí lọ, nítorí iye tó wà lára ìgò yín gan-an ni wọ́n lò: fítámì E 400, selenium 200. Ọkùnrin 35,533 ní Amẹ́ríkà, Kánádà àti Puerto Rico ni wọ́n fi ṣe é, láti mọ̀ bóyá wọ́n á dènà jẹjẹrẹ prostate, ẹ̀yà ara ọkùnrin tó wà nísàlẹ̀ àpò ìtọ̀. Ní 2008 wọ́n ní kí wọ́n má lò ó mọ́, torí kò sí àǹfààní kankan. Wọ́n ń ṣọ́ àwọn ọkùnrin náà síwájú sí i, nígbà tó di 2011, jẹjẹrẹ prostate ti fi ìdá 17 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i lára àwọn tó lo fítámì E nìkan. Kí la fẹ́ fún bàbá ẹni 70 ọdún ní irú ìyẹn sí? Fítámì E púpọ̀ tún máa ń mú kí ẹ̀jẹ̀ pẹ́ kó tó dá. Bí ẹ bá wà lórí warfarin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì, tàbí tí dókítà fi aspirin kékeré kún oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru yín, ẹ má fi ọwọ́ kàn án.

Ti selenium, ìwọ̀n díẹ̀ ni ara nílò, 55 máíkírógíráàmù lójúmọ́. Ẹja àti ẹyin ní in nínú. Ẹ yí ìgò yẹn sẹ́yìn kí ẹ wo tábìlì tó wà níbẹ̀: ẹ ó rí 364% níwájú selenium, bẹ́ẹ̀ ni ẹ ó rí 1,111% níwájú ti fítámì C. Ìtúmọ̀ ẹ̀ ni pé hóró kan ṣoṣo ju ohun tí ara ń fẹ́ fún odindi ọjọ́ kan lọ ní ìlọ́po mẹ́ta ààbọ̀ ó lé, àti ìlọ́po mọ́kànlá. Bí selenium bá ń wọlé ju 400 lọ lójúmọ́ fún ìgbà pípẹ́, irun á máa já, èékánná á máa kán.

Fítámì C ló rọrùn jù nínú wọn. Kò dènà òtútù àti ọ̀fìnkìn fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ẹni tó bá ń lò ó déédéé lè rí i kí ọ̀fìnkìn tètè lọ díẹ̀, ìyẹn náà ni. Obìnrin nílò 75 mílígíráàmù lójúmọ́, ọkùnrin 90. Bí ẹ bá gbé 1000 mì lẹ́ẹ̀kan, ìfun kò ní gba ju bí ìdajì lọ, èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tó gbà yóò sì bá ìtọ̀ jáde. Bí kò bá sí òkúta inú kíndìnrín rí nílé yín, hóró kan lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kò ní ṣe yín ní nǹkan. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣọ́ra fún ni oògùn ibà. Ẹ mọ bí àwọn oníkẹ́míìsì wa ṣe máa ń po oògùn: artemether-lumefantrine, paracetamol, wọ́n á sì da fítámì C lé e, "kí ẹ lè lágbára." Oògùn ibà yẹn, free radical ló fi ń pa kòkòrò ibà nínú ẹ̀jẹ̀. Lára eku, fítámì C púpọ̀ ti dín agbára irú oògùn bẹ́ẹ̀ kù. Èmi máa ń sọ fún àwọn oníbàárà mi pé kí wọ́n pa fítámì C tì títí ọjọ́ mẹ́ta oògùn ibà á fi pé. Bí ẹnikẹ́ni bá sì tún dábàá pé kí wọ́n fà á sí yín lára pẹ̀lú omi, irú èyí tí wọ́n ń polówó fún kí ara lè mọ́lẹ̀, ẹ sá fún un. Àwọn tí ara wọn ṣaláìní G6PD, èròjà tó ń dáàbò bo sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀, pọ̀ láàárín wa, ọ̀pọ̀ ò sì mọ̀. Fítámì C rẹpẹtẹ láti inú iṣan lè fọ́ ẹ̀jẹ̀ wọn.

Ẹ béèrè nípa oúnjẹ, ibẹ̀ gan-an sì ni mo fẹ́ dé. Gúáfà kan tó tóbi díẹ̀ ní fítámì C tó ju ohun tí ẹ̀yin àti Bàbá nílò lójúmọ́ lọ. Ọsàn ò tó o rárá. Tàtàṣé tútù náà ní in dáadáa. Fítámì E wà nínú ẹ̀pà, ó sì wà nínú epo pupa. Àwọ̀ pupa inú epo yẹn, carotene ni. Bí ẹ bá jó o títí tó fi funfun fún ọbẹ̀ ayamáṣe, ọbẹ̀ á dùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n carotene ti bá èéfín lọ. Ẹ má tìtorí ìyẹn máa da epo sọ́bẹ̀ yàlà o, ọ̀rá rẹ̀ kò ṣàì pọ̀. Tòmátì ní tirẹ̀ sàn jù tí a bá fi epo díẹ̀ sè é, torí ara máa ń gba èròjà pupa inú rẹ̀ dáadáa báyìí ju tútù lọ.

Ẹ̀fọ́ ni a ti máa ń fi ọwọ́ ara wa sọ nǹkan nù. A ó rẹ́ ẹ wẹ́wẹ́, a ó bọ̀ ọ́, a ó fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, a ó fún un gbẹ bí aṣọ, fítámì C á sì bá omi ewé lọ. Ẹ fọ tẹ̀tẹ̀ tàbí ṣọkọ kí ẹ tó rẹ́ ẹ, kí ẹ dà á sínú ọbẹ̀ nígbà tí ọbẹ̀ ti jinná, kó má pẹ́ lórí iná. Kí Bàbá má sì bẹ̀rù karọ́ọ̀tì àti epo pupa nítorí ohun tí mo sọ lókè: hóró oògùn ni àwọn ìwádìí yẹn fi ẹ̀sùn kàn, kì í ṣe oúnjẹ.

Kì í ṣe pé ìgò ò wúlò fún ẹnikẹ́ni. Ní Linxian ní orílẹ̀-èdè Ṣáínà, níbi tí oúnjẹ àwọn ènìyàn ò ti ní èròjà tó, àpapọ̀ beta-carotene, fítámì E àti selenium dín ikú kù díẹ̀. Ìdí kan náà ni wọ́n fi ń fún àwọn ọmọdé wa ní fítámì A ní ilé ìwòsàn ìjọba. Àwọn àgbàlagbà kan tí àárín ojú wọn ń bàjẹ́ tún wà, tí dókítà ojú máa ń kọ àpòpọ̀ kan fún, èyí tí wọ́n ti yọ beta-carotene kúrò nínú ẹ̀. Bí wọ́n bá kọ ọ́ fún yín, ẹ lò ó. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń jẹun dáadáa, tó fẹ́ fi hóró lé jẹjẹrẹ àti rọpárọsẹ̀ sá? Ìgbìmọ̀ tó ń gba àwọn dókítà Amẹ́ríkà nímọ̀ràn lórí ìdènà àrùn tún un sọ ní 2022 pé kí wọ́n má fi beta-carotene tàbí fítámì E ṣe é.

Ohun tó ń lé rọpárọsẹ̀ jìnnà sí ẹ̀yin gan-an ni oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí ẹ ti ń lò, tí ẹ ò bá fo ọjọ́ kan. Bí ọmọ yín bá tún béèrè ohun tí ẹ fẹ́, ẹ ní kó fi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru ránṣẹ́, èyí tí wọ́n ń dè mọ́ apá lókè, kì í ṣe ti ọrùn ọwọ́. Ẹ fi okùn wọn apá yín yípo kí ẹ sọ iye rẹ̀ fún un kó tó rà á, torí èyí tó bá fún jù máa ń gbé nọ́ńbà ga ju bó ṣe wà lọ.